Èésan Lójú, Àpólò Lẹ́nu

Kò sí ẹni tó ń fi nọ́ńbà ara ògiri pe ilé wa. Ilé Elékùrọ́ ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìdímù ń pè é, torí pé ẹni tó bá ń ti ẹ̀yìn ọjà bọ̀ yóò ti gbọ́ ilé náà kó tó rí i. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, òkúta lórí òkúta, láti ìgbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ títí wọn yóò fi pe ìrun Mọ̀gáríbì. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ló ń ṣe àdín tà, epo dúdú ara èkùrọ́ tí àwọn abiyamọ fi ń pa ọmọ tuntun lára. Kí àdín tó dé inú ìgò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pa èkùrọ́, àwa ọmọ inú ilé la sì jẹ́ ẹnì kan yẹn. Bí a bá ti ilé ìwé dé, tí a fi gààrí dí ikùn díẹ̀, a ó jókòó yí òkúta ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé ká, ojú ko ojú, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí. Ọwọ́ òsì di èkùrọ́ mú, ọwọ́ ọ̀tún sọ òkúta kékeré lé e. Èésan, ìyẹn èèpo líle tó bo ọmọ inú rẹ̀, á ta pàá, á sì fò. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá òfin náà sílẹ̀, mo kàn bá a nílé ni: ẹni tí èésan bá bà níwájú orí ló ni ọmọ èkùrọ́ tó jáde nínú rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé èkùrọ́ àti àgbàdo sísun, tọkọtaya ni wọ́n. Nítorí náà, dípò kí a gbé ojú sá fún èésan, ńṣe là ń na ojú sí i. Àwọn àgbà ń wò wá láti ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé àwọn ọmọ yìí mọ eré í ṣe.

Níwájú ilé, ìró mìíràn ló wà níbẹ̀. Wẹ́dà ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju páànù mẹ́rin àti igi díẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jó irin mọ́ irin, geeti àti windo, iná á máa bù yẹ̀rì, á máa kùn bí oyin tí inú ń bí. Gílàásì dúdú wà tí wọ́n rà fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n orí ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ bí fìlà, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ibi tí àwọn fẹ́ jó ṣókùnkùn. Wọ́n á kàn yíjú díẹ̀ nígbà tí iná bá kọ́kọ́ bù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ojú wọn á pọ́n bí ata rodo, wọ́n á ní bí ẹni pé iyanrìn kún inú rẹ̀, ìyá mi á bu omi tútù fún wọn, ọ̀rọ̀ á parí. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí àìsàn. Iṣẹ́ ni.

Àárín ìró méjèèjì yìí ni mo gbé dàgbà, pẹ̀lú òórùn àdín lórí ààrò, àti orin ìjọ Áńgílíkà tí Ìyá Ṣeun, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, máa ń kọ tó bá ń gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà ni iyọ̀ gbogbo rẹ̀. Òwe ló wà lẹ́nu wọn bí orógbó, èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni pé igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n pa á fún àbúrò bàbá mi nígbà tó fẹ́ fẹ́ ọmọge kan ní Ìgandò. Wọ́n pa á fún onílẹ̀ tó ń ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn méjì. Wọ́n pa á fún èmi náà nígbà tí mo ń bá ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ kò dúró rìn. Mo gbọ́ òwe yẹn lórí ìgbéyàwó, mo gbọ́ ọ lórí ilẹ̀ àti lórí ọ̀rẹ́, n kò gbọ́ ọ rí lórí igi, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ ọ rí lórí ojú. Nísinsìnyí tí ewú ti ń yọ lórí èmi náà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu, torí pé Màmá Àgbà tó ń pa òwe ọ̀hún, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ríran. Ti òsì funfun bí ọmọ inú àgbọn. Wọ́n ní ṣọ̀pọ̀nná ló mú un lọ ní kékeré, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, òjò tètè bẹ̀rẹ̀, Àpólò sì bá a wọlé. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà yẹn kò nílò àlàyé: ojú á pọ́n, á wú, ipin á dí i pa láàárọ̀ bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó jà láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún. Ohun tí gbogbo ayé sì gbà gbọ́ ni pé wíwò ni wọ́n fi ń kó o. Ìwọ sá ti wo ojú ẹni tó ní Àpólò, o ti gbà á nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àti aṣọ ìnujú ló ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Gbogbo Ìdímù bá yíjú kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ná ọjà. Tíṣà wa kọjú sí pátákó, ó kọ́ wa ní ìṣirò láìbojú wẹ̀yìn, a sì gbádùn ara wa lẹ́yìn rẹ̀ débi tó fi yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgbà, á dọ̀bálẹ̀, á fi ojú pamọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, títí àgbà yóò fi kọjá. Kódà ìjà tọkọtaya dínkù nínú ilé wa, torí ta ló lè bínú pẹ́ sí ìpàkọ́ ènìyàn?

Àárín ìgbà yìí ni ìròyìn dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n Màmá Àgbà kò yá, ni wọ́n bá di ẹrù lọ, wọ́n fi èkùrọ́ ilẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, gbé èkùrọ́ kan tó tóbi sórí òkúta. Ó gbá a. Mo na ojú sí i bí ìṣe wa. Èésan náà kò bà mí níwájú orí, ojú òsì mi ló wọ̀, bí abẹ́rẹ́ tó ti inú iná bọ̀. Mo ké. Àwọn yòókù rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Ràṣídì sì fi òfin ilé wa ṣe ìdájọ́, ó fún mi ní ọmọ èkùrọ́ náà. Mo jẹ ẹ́. Ojú mi ń da omi, ẹnu mi ń jẹun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú náà ti pọ́n, ó ti wú. Mo wọlé tọ ìyá mi lọ, àbúrò mi jòjòló wà lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n ṣe fi ẹ̀gbẹ́ ojú kófìrí mi báyìí, wọ́n pa ojú dà sí ibi tí abọ́ wà.

“Àpólò ti dé bá ọ nìyẹn, Sìdí. Má wò mí o. Má wo àbúrò rẹ. Jáde, kọjú sí ògiri.”

Mo ní èésan ni, Ràṣídì jẹ́rìí sí i pé èésan ni. Wọ́n dá wa lóhùn pé láti ọjọ́ tí Àpólò ti dé, kò sí ọmọ tí kì í sọ pé nǹkan ló wọ òun lójú. Wọ́n ya aṣọ ìnujú tèmi sọ́tọ̀, wọ́n ya abọ́ mi sọ́tọ̀, wọ́n sì gbé àpótí fún mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kí n kọjú sí ògiri. N kò dá ìyá mi lẹ́bi nígbà náà, n kò sì dá wọn lẹ́bi lónìí. Abiyamọ tí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́ ni. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe fún Àpólò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Àpólò ni kò sí níbẹ̀. Inú ilé tí ènìyàn kún fọ́fọ́ ni mo wà, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wo ojú mi.

Ògiri yẹn, mo mọ̀ ọ́n di òní: ibi tí ọ̀dà kíríìmù rẹ̀ ti ṣí, ibi tí aláǹgbá ń gbà kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà mí, ojú mi á gún mi títí dé etí. Bí mo bá ṣẹ́jú, nǹkan á ha mí nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí gbé inú ilé náà. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ Ìyá Ṣeun, mo gbọ́ iná bàbá mi, mo gbọ́ òkúta lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń pa èkùrọ́ láìsí èmi, ẹ̀rù sì ń bà mí nígbà gbogbo tó bá ti ta pàá. Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún wò lẹ́ẹ̀kan, kí n mọ bí ti òsì ti rí. Ògiri náà di kùrukùru. Ìgbà yẹn ni mo rántí ojú Màmá Àgbà tó funfun. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fẹ́ pàdánù.

Ìtọ́jú kò ṣàìwá. Ẹ̀yìn ló ń gbà wá. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ní kí wọ́n kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i. Ìyá mi po omi ṣúgà sínú ife. Ìyá Ṣeun, tí òun náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, ní ọmú abiyamọ ló ń pa Àpólò, òun á fún un sínú ṣíbí, kí wọ́n ṣáà bá òun dá orí ọmọ náà sẹ́yìn, kí òun má bàa rí i. Gbogbo rẹ̀ tò sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbọ́únjẹ. Ìyá mi ti di orí mi mú, wọ́n ti yí ojú ara wọn sí òpópó, ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń bi aláàárù pé ṣé ẹrù òun ló ń gbé sọ bẹ́ẹ̀ àbí òkúta. Màmá Àgbà ti dé.

Gbogbo ẹnu ló pariwo papọ̀ pé kí wọ́n má wo Sìdí lójú o, Àpólò ni. Màmá Àgbà bọ́ bàtà, wọ́n kọjá láàárín wọn bí ẹni kọjá láàárín ewúrẹ́. Wọ́n dúró níwájú mi.

“Ojú kan ló kù fún mi láyé. Tí kò bá lè wo ọmọ mi, kí ni mo ń fi í ṣe?”

Wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi sí ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, wọ́n sì wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Èémí wọn ń rùn tábà díẹ̀, ojú wọn kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Mo ti pẹ́ lọ́dọ̀ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí ìwò yẹn fi dà bí oúnjẹ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan ló pọ́n, èkejì mọ́ kedere, Àpólò tó ti pẹ́ tó báyìí kò ní jẹ ọ̀kan kó fi èkejì ṣe sàárì. Wọ́n wá rí i, nǹkan pọ́nrán kan lórí ẹyinjú dúdú, kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Èésan. Ìyá mi kígbe Ọlọ́run, wọ́n sáré fi etí ìró wọn ṣe ṣóńṣó, wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Ìyá Ṣeun ní ahọ́n ló dára jù, kí wọ́n fi ahọ́n lá a kúrò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ìlú àwọn. Màmá Àgbà fi ọwọ́ gbá etí ìró náà sọ nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ lásán, èyí tí wọn kì í ṣe.

“Ìyàwó mi, gbọ́. Ṣọ̀pọ̀nná kọ́ ló mú ojú mi. Èésan ni. Ìdí òkúta èkùrọ́ ni mo wà, mo kéré sí Sìdí yìí. Ìyá mi fi ahọ́n lá a. Ẹ̀gbọ́n mi fún oje ewé sí i. Wọ́n kán ọmú, wọ́n kán oyin. Wọn kì í ṣe ọ̀tá mi o. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fọ́ ọ.”

 Ìyá Ṣeun da ọmú inú ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òun náà ló kọ́kọ́ lahùn, ó ní ibì kan wà, ọsibítù ìjọba tí wọ́n ti wo ojú ọkọ òun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo gílàásì, ó sì ṣàlàyé ọkọ̀ tí a ó wọ̀ àti ibi tí a ó ti bọ́ọ́lẹ̀. Nítorí pé ọwọ́ mi kò yé lọ sí ojú, Màmá Àgbà tú gèlè wọn, wọ́n fi so ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ níwájú, wọ́n sì gbé ife kékeré lé ojú náà lórí, tí etí ife kan egungun ojú, tí ohunkóhun kò kan ojú fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ mọ́tò. Gbogbo ọkọ̀ ń wo àgbàlagbà tí kò wé gèlè àti ọmọ tí wọ́n dè lọ́wọ́. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátò lé itan kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní:

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ yìí jí?”

“Ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ jí,” ni Màmá Àgbà dá a lóhùn. “Ọwọ́ ni mo ká a mọ́ ọn.”

Ẹ̀rín bú nínú ọkọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó dùn mí lójú, mo tún rẹ́rìn-ín.

Mo ti rò pé èmi nìkan ni nǹkan ń ṣe lójú ní gbogbo ayé. Nígbà tí a dé ọsibítù yẹn, bẹ́ǹṣì gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo lè rí i dé, ó sì kún. Mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀ tí omi bátìrì ta sí lójú, tó fi àkísà nù ún dípò kó fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Káfíńtà wà níbẹ̀ tí ìṣó fò padà bá. Ọmọ ilé ìwé tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi pẹ́ńsùlù gún. Obìnrin tó po sódà ọṣẹ. Ọkùnrin kan tó fi eyín ṣí ìgò mínírà, tí ìdérí rẹ̀ wá san án lẹ́san. Kò sí ẹni tó lọ sójú ogun nínú wọn. Ilé ni gbogbo wọn ti wá, ilé ìdáná, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù, ibi tí gbogbo wa ń wà lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì gíga kan ń bọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì kan sí èkejì, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi gbogbo ènìyàn: kí lẹ fi sí i? Wọ́n ń dá a lóhùn. Omi ṣúgà. Ọmú. Omi iyọ̀. Ìtọ̀ màlúù. Bó bá ti gbọ́ ọ, á mí kanlẹ̀, á kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti ń wo ẹni tó kàn kó tó bèèrè.

“Kí lẹ fi sí i, Màmá?”

“Ohunkóhun kò wọ ibẹ̀. Mo jà sí i.”

Nọ́ọ̀sì náà dúró. Ó wo ife tó wà lójú mi, ó wo gèlè tó wà lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì mú wa wọlé tààrà. Dókítà kán oògùn kan tó mú ojú náà kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, bí ẹnu tó jẹ yìnyín. Wọ́n tan iná, wọ́n ní kí n wo ara ògiri, kí n má ṣẹ́jú. Ògiri! Mo ti kọ́ iṣẹ́ yẹn yanjú. Mo tẹjú mọ́ ọn, n kò mira, wọ́n sì yọ ọ́. Wọ́n gbé e sórí òwú funfun fún wa wò, ohun kékeré yẹn, ohun tó fẹ́ jẹ odidi ojú. Dókítà ní ọgbẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kò tíì wọ̀ ọ́, ìyẹn ló gba ojú náà là. Ó ní nǹkan tó bá gún ojú, kí á má fọwọ́ ra á, kí á má yọ ọ́ nílé, kí á bò ó bí Màmá ti bò ó, kí á sì máa bọ̀; pé èyí tó bá jẹ́ oró, bíi sódà tàbí omi bátìrì, omi tó mọ́ ni kí á kọ́kọ́ máa dà sí i láìsinmi, kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ̀nà. Màmá Àgbà ń tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ súrà.

Nígbà tí a padà dé, a kò ì tíì wọlé tí Màmá Àgbà fi yà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ń jó irin lọ́wọ́, gílàásì wà ní ipò rẹ̀, lórí.

“Làmídì, ṣé àtàrí rẹ ló ń ríran ni?”

Bàbá mi fa gílàásì náà wálẹ̀ bí ọmọ ilé kéú tí wọ́n ká mọ́ ibi eré. Ó di ẹ̀yìnkùlé. Màmá Àgbà wo òkúta ńlá náà, wọ́n wo ibi tí a ń jókòó sí, ojú ko ojú. Wọ́n ní ẹnu àwọn ti gbó lórí òwe igi gogoro, àwọn kò mọ̀ pé ojú gan-an ló ń bá wí. Wọ́n wá tú òṣùká tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, wọ́n tún un ká, wọ́n gbé e sórí òkúta, wọ́n sì fi èkùrọ́ sí ojú ihò àárín rẹ̀. Wọ́n sọ òkúta lé e. Èésan ta, ó kan aṣọ, ó kú síbẹ̀. A wo ara wa. Ohun tó rọrùn tó báyìí, òṣùká tó wà lórí gbogbo obìnrin Ìdímù láràárọ̀. Láti ọjọ́ náà, òfin yí padà: ẹni tí èésan rẹ̀ kò bá fò ló ni ọmọ èkùrọ́. Ẹ̀yìn la sì ń kọ sí ara wa bí a bá jókòó, bí ìgbà Àpólò, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó nídìí.

Wọn kò fi mọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò po sódà ọṣẹ nílé wa mọ́ láìgbé garawa omi tó mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá lọ ata kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú ọmọ títí yóò fi fọ ọwọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá dáwọ́ lé iṣẹ́ tó ń ta, tó ń fò, tàbí tó ń bù yẹ̀rì, ẹni tó bá wà nítòsí á ké sí i pé: igi gogoro! Òun náà á dáhùn pé: mo ti rí ọ! Bí kò bá dáhùn, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ṣeun ń ké e sí ọkọ rẹ̀ tó bá ń kan ìṣó. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ké e tí ọ̀gá bá fẹ́ jẹ ẹja eléegun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá mi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n gbé gílàásì dúdú náà lé Màmá Àgbà lẹ́sẹ̀. Ìdàrọ́ irin, èèpo líle tó máa ń bo ojú ibi tí wọ́n jó, ló fò bá a níbi tí wọ́n ti ń gbá a kúrò. Ojú gílàásì apá ọ̀tún ti fọ́ bí okùn aláǹtakùn.

“Gílàásì ló fọ́?”

“Gílàásì ló fọ́, Màámi.”

“Gílàásì wà lọ́jà,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bá àdín wọn lọ.  Yẹ̀yẹ́ parí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti sáré ṣíwájú ara mi. Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ tí wọ́n ní kí a wá fi ojú mi han dókítà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtẹ kan wà lára ògiri, àmì kan náà ni gbogbo ara rẹ̀, bíi fọ́ọ̀kì eléyín mẹ́ta, ó tóbi lókè, ó ń kéré bọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n bo ojú mi ọ̀tún, ti òsì nìkan ló kù. Mo ní láti máa fi ọwọ́ hàn wọ́n ibi tí eyín fọ́ọ̀kì kọjú sí. Mo na ọwọ́ sókè. Mo nà án sí apá òsì. Màmá Àgbà wà lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn tó ń dún, torí pé bí mo ti ń na ọwọ́ ni àwọn náà ń nà án. A dé ìlà tó kéré, a dé èyí tó tún kéré sí i, a dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, tí àmì ibẹ̀ kò ju ọmọ iná orí lọ. Ìró ìlẹ̀kẹ̀ dáwọ́ dúró. Ojú wọn kò ká ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń na ọwọ́ mi: ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè, ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì gíga yẹn pàtẹ́wọ́, ó ní ojú náà pé. Mo bojú wẹ̀yìn. Omi ń ṣàn ní ojú Màmá Àgbà méjèèjì, èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran, wọn kò nù ún.

“Ẹ bá mi kà á dáadáa,” ni wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì. “Lónìí, ojú mi pé méjì.”

Ìròyìn ṣíwájú wa dé Ìdímù. Ìyá mi ti gbé àdàlú kaná, ó pọ̀ débi tí ó fi ń ru kọjá ẹnu ìkòkò. Àwọn tí kò fẹ́ wo mí lójú ọjọ́sí ti tò sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àpótí ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń di àgbọ̀n mi mú, wọ́n ń wo inú ojú mi. Ìyá Ṣeun wò ó, ó bú sórin. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú, wọ́n tún ní kí n ṣẹ́jú. Ìyá mi ló gbẹ̀yìn.  Wọ́n kàn ń wò mí títí àdàlú fi jó díẹ̀ nísàlẹ̀, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Di òní, àdàlú tí kò bá jó díẹ̀, kò dùn lẹ́nu mi.

Màmá Àgbà ti lọ sí ibi àgbà ń rè. Ilé Elékùrọ́ ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ ló ń pa èkùrọ́ báyìí. Ìgandò ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ojú òsì náà ni mo fi ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́, torí pé ọ̀tún ti ń di ojú àgbà díẹ̀díẹ̀. Láìpẹ́ yìí, mo pe wẹ́dà kan kó wá tún geeti wa jó. Ọ̀dọ́kùnrin ni, n kò rí i rí, ó ní láti Ìjẹ̀gùn lòun ti wá. Ó gbé irin kalẹ̀, ó fẹ́ tanná, gílàásì rẹ̀ wà lórí, ní ipò tí mo mọ̀ dáadáa. Ẹnu mi ṣí kí n tó ronú.

“Igi gogoro!”

“Mo ti rí ọ!” ló dáhùn, ó fa gílàásì bo ojú, iná sì bù.

Mo dúró síbi tí mo wà títí ó fi parí ojú ibi àkọ́kọ́. Mo bi í pé níbo ló ti gbọ́ ìdáhùn yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òfin ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun ni, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀ náà ló sì ti bá a. Ẹni tí kò bá dáhùn, kò ní fọwọ́ kan iná. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, kì í ṣe ojú o, iwájú orí ni.

“Wọ́n ní ìyá arúgbó olójú kan ló dá a sílẹ̀ láyé àtijọ́, Ìdímù níbẹ̀.”

“Wọn ò sọ ọ́ dáadáa fún ọ,” ni mo wí. “Ojú méjì ni wọ́n ní.”